Ọkọ̀ Ológun Lójú Ọ̀nà Ìbàràpá: Ta ni Ó Jẹ̀bi?

Àwọn àgbà ní àṣejù ni baba àṣetẹ́. Òwe yìí bá ìtàn ọkọ̀ akẹ́rù ilẹ̀ Yorùbá mu, pàápàá ní agbègbè Ìbàràpá, níbi tí iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí ti ń jáde lọ sí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó. Rélùwéè tí ó ti Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn ní 1901 kò gba Igbó-Ọrà kọjá. Nítorí náà, ẹrù oko tí ó bá ju ohun tí orí lè rù lọ, ọkọ̀ ni yóò gbé e.

Ní 1906 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ kó ẹrù àti èrò láàrin Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì (1939–1945) ni lọ́rì di púpọ̀. Ilé-iṣẹ́ Vauxhall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe Bedford tí ó ju 200,000 lọ fún àwọn ológun. Ọ̀kan nínú wọn ni Bedford OY, tí a ṣe fún ẹrù tọ́ọ̀nù 3. Nígbà tí ogun parí, irú ọkọ̀ ológun bẹ́ẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ọmọ ogun tí ó ti Bọ́mà dé, tí wọ́n ti kọ́ ọkọ̀ wíwà lẹ́nu iṣẹ́ ogun, sì di awakọ̀ akẹ́rù. Ọkọ̀ ti ogun bọ̀, awakọ̀ ti ogun bọ̀; òfin ìwọ̀n ẹrù nìkan ni kò bá wọn bọ̀.

Káfíńtà a kan ilé onígi lé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí, ó di bọ́lẹ̀kájà. Láti ìgbà náà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹrù bá pọ̀ jù lẹ́yìn, iwájú ọkọ̀ a fúyẹ́, táyà iwájú kò sì ní di ilẹ̀ mú dáadáa nígbà tí awakọ̀ bá ń yí i. Bí àpò bá ga ju orí awakọ̀ lọ, kọ́nà tí ọkọ̀ òfìfo ń yí wẹ́rẹ́ lè dojú ọkọ̀ ẹlẹ́rù dé. Bí ẹrù bá tẹ̀ sí apá kan, súpíríǹgì apá náà a rẹlẹ̀, ọkọ̀ a sì máa fà sí ẹ̀gbẹ́.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ó le jù. Jíà púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ wọ̀nyí kì í wọlé àfi bí awakọ̀ bá tẹ kíláàṣì lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì tẹ iná díẹ̀ láàrin méjèèjì. Ẹni tí kò bá yan jíà kékeré kí ó tó máa sọ̀kalẹ̀ lè má rí i yàn mọ́ lágbedeméjì òkè. Bíréèkì nìkan ni yóò kù. Bíréèkì tí a tẹ̀ títí tí ó gbóná kì í sì í fẹ́ mú mọ́.

Ní ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò lọ́wọ́ òsì títì, ó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Awakọ̀ tí ìdarí ọkọ̀ rẹ̀ wà lápá ọ̀tún wá di ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀bá igbó. Bí ó bá fẹ́ kọjá ọkọ̀ iwájú, àfi kí ó kọ́kọ́ yọ sí àárín títì kí ó tó rí ohun tí ń bọ̀.

Bí ọkọ̀ bá dànù, àwọn kan a ní awakọ̀ mutí, àwọn mìíràn a ní Ògún ni ó fẹ́ mu ẹ̀jẹ̀. Òótọ́ ni pé ọtí ń pa awakọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó di àpò ìkẹyìn lé ọkọ̀? Àgbẹ̀ kò fẹ́ kí ẹrù òun bàjẹ́ títí di ọjọ́ ọjà mìíràn. Olówó ọkọ̀ ń wá èrè ìlọ́po méjì. Awakọ̀ sì ń bẹ̀rù kí a má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Olúkúlùkù ní ìdí tirẹ̀, gbogbo wọn sì pín nínú ẹ̀bi.

Ní 1977 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ojú títì ni ẹ̀ṣọ́ ń dúró sí. Ìdíkọ̀ ni ìjàǹbá ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń di ẹrù, kí awakọ̀ tó gun orí ìjókòó rẹ̀ rárá.