Owó Ọkọ̀ Àlejò Nílùú Èkó

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹnu dá owó takisí nílùú Èkó. Ọmọ Èkó mọ iye tó yẹ kí òun san láti Ìdúmọ̀tà dé Yábàá. Àlejò kò mọ̀ ọ́n, àìmọ̀ yẹn sì wà lára ohun tí awakọ̀ fi ń jẹun. Ìjọba, àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti àwọn ilé-iṣẹ́ orí fóònù ti gbìyànjú, kálukú lásìkò tirẹ̀, láti gba ọ̀rọ̀ owó kúrò lẹ́nu awakọ̀.

Kí mọ́tò tó dé, ojú omi ni ìdààmú àlejò ti ń bẹ̀rẹ̀. Iyanrìn dí ẹnu ọ̀sà débi pé ọkọ̀ òkun ńlá kò lè wọlé. Lójú agbami ni wọ́n ti ń gbé èrò sínú àpótí onígi kan, wọn á so ó mọ́ okùn, wọn á fi ẹ̀rọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré tó máa gbé e dé èbúté. Ògiri òkúta tí wọ́n kọ́ wọ inú òkun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ló yanjú ìyẹn, nígbà tó sì fi máa di 1914, ọkọ̀ ńlá ti ń wọlé tààrà. Inú iṣẹ́ náà ni etíkun Tarkwa Bay ti jáde, ibi ìgbafẹ́ tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ lọ síbẹ̀ títí dòní.

Lórí ilẹ̀, owó tí a kọ sínú tíkẹ́ẹ̀tì ló ṣáájú. Ọkọ̀ ojú irin láti Ìdó dé Ìbàdàn ní 1901, ọdún yẹn náà ni afárá Carter so Ìdó mọ́ Erékùṣù Èkó. Ní 1902, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí afárá náà kó èrò wọ àárín ìlú, àmọ́ kò lò ju nǹkan bí ọdún méjìlá lọ. Bọ́ọ̀sì Zarpas, ará Gíríìsì, tẹ̀lé e ní 1929, ó sì wà lójú títì títí ìgbìmọ̀ ìlú Èkó fi rà á ní 1958. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, iye kan náà ni àlejò àti onílé ń san.

Takisí yàtọ̀, nítorí pé ẹni kan ló ni mọ́tò, ó sì lè gbé ẹni tó wù ú. Àwọn oníṣòwò bíi W. A. Dawodu ti ń ta mọ́tò l'Ékòó láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọkọ̀ tí wọ́n ń háyà sì pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀dà yẹ́lò pẹ̀lú ìlà dúdú méjì di àmì ọkọ̀ èrò, takisí àti dánfó pa pọ̀. Ọ̀dà yẹn fi han àlejò pé ọkọ̀ náà ní ìwé. Kò sọ fún un iye tó máa san.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ nìyí. Àlejò á nawọ́, awakọ̀ á dín eré kù láìdúró tán, á tẹ̀ síhà fèrèsé, á béèrè ibi tó ń lọ. Bí ó bá jẹ́ dírọ́ọ̀pù, èrò kan ló ni gbogbo ọkọ̀. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, awakọ̀ á máa já èrò, á máa gbé òmíràn lójú ọ̀nà. Ẹni tí kò bá tètè sọ pé òun kò fẹ́ dírọ́ọ̀pù, owó dírọ́ọ̀pù ni wọ́n máa pè fún un. Ìgbà náà ni ìdúnàádúrà á bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin náà, èló lẹ máa san?" Ẹni tó mọ̀ ọ́n á pe ìdajì, á sì ṣe bí ẹni fẹ́ kọjá lọ. Awakọ̀ á tẹ̀ lé e ní ìgbésẹ̀ mélòó kan, á ní, "Ó dáa, ẹ wọlé." Èdè tí àlejò fi ń sọ̀rọ̀, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ àti òtẹ́ẹ̀lì tó dárúkọ ti wà nínú owó náà kó tó lanu rárá.

Owó epo rọ̀bì àwọn ọdún 1970 mú mọ́tò kún títì. Ní 1975, iléeṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò l'Ékòó, Peugeot ń ṣe tirẹ̀ ní Kàdúná. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò dé fún àjọ̀dún àṣà FESTAC ní 1977. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí ilé ńlá tuntun ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, èyí tó ń jẹ́ orúkọ Murtala Muhammed, olórí orílẹ̀-èdè tí wọ́n yìnbọn pa nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976, nígbà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá a dúró ní Ìkòyí. Ó ṣòro láti rí orúkọ tó bá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Èkó mu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Pápákọ̀ yìí ló sọ ọkọ̀ àdáni di dandan fún ọ̀pọ̀ àlejò. Orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi lẹ ìkìlọ̀ mọ́ àwọn pápákọ̀ tirẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 pé ààbò ti Èkó kò tó. Òtẹ́ẹ̀lì àti ilé-iṣẹ́ epo bẹ̀rẹ̀ sí í rán dírẹ́bà tiwọn lọ pàdé àlejò, kí ó má bàa bá onítakisí ẹnu ọ̀nà lọ. Dírẹ́bà á gbé páálí tí wọ́n kọ orúkọ àlejò sí sókè. Gbájúẹ̀ náà kò sùn: ó lè ka orúkọ lára páálí, kó kọ ọ́ sí tirẹ̀, kó sì dúró síwájú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún àlejò pé kó béèrè lọ́wọ́ dírẹ́bà ohun tí kò sí lára páálí, bí orúkọ ẹni tó rán an.

Láàárín ìlú, ètò ọrọ̀ ajé SAP ti 1986 mú kí mọ́tò tuntun kọjá agbára ọ̀pọ̀ èèyàn. Takisí gbó, kábúkábú tí kò ní ọ̀dà pọ̀ sí i, ọ̀kadà sì gba ìgboro. Ọ̀kadà yára, ó sì léwu. Òfin ìrìnnà 2012 lé e kúrò lójú títì 475, òfin mìíràn tún bọ́ sójú iṣẹ́ ní 2020 àti ní 2022. Láyé gómìnà Fashola, takisí tuntun tó ní mítà, tí èèyàn lè fi fóònù pè, jáde, àmọ́ wọn kò pọ̀ tó láti yí àṣà ìlú padà.

Nínú àwọn ilé-iṣẹ́ orí fóònù, Uber dé ní 2014, Taxify tó wá di Bolt dé ní 2016. Fún ìgbà àkọ́kọ́, àlejò ń rí iye owó, orúkọ awakọ̀ àti nọ́ńbà mọ́tò kó tó jáde nílé. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bu owó lé e ní 2020, ₦20 lórí ìrìn kọ̀ọ̀kan. Ní 2022, Lagride dé pẹ̀lú àtìlẹ́yìn ìjọba. Nígbà tí owó ìrànwọ́ epo kúrò ní oṣù karùn-ún 2023, jálá epo tó wà lábẹ́ ₦200 fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Awakọ̀ púpọ̀ rí i pé iye tí áàpù ń kọ kò ra epo mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe èrò kí wọ́n tó gbéra: "Ibo lẹ ń lọ? Káàṣì ni àbí káàdì? Ẹ jẹ́ ká fagi lé e, kẹ́ ẹ san án báyìí." Ní ti inDrive, áàpù mìíràn, ìdúnàádúrà gan-an ni ètò rẹ̀: èrò á kọ iye tó fẹ́ san, awakọ̀ á gbà tàbí kó bu díẹ̀ lé e.

Àwọn tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà wálé ní oṣù Kejìlá kì í sábà gbára lé áàpù nìkan. Mọ́tò pẹ̀lú dírẹ́bà ni wọ́n ń háyà fún odindi ọjọ́, àwọn mìíràn a sì mú ọlọ́pàá mọ́ ọn. Owó náà máa ń ga gan-an lásìkò náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ àlejò ló ń wá mọ́tò díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lọ wo Àgbádárìgì gbọ́dọ̀ bá ẹni tó ni mọ́tò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: ta ló máa ra epo, aago mélòó ni ọjọ́ parí, èló ni wákàtí kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn náà, ta ló máa bọ́ dírẹ́bà. Wákàtí àfikún ló sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀, torí pé sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lè jẹ wákàtí mẹ́ta lójú ọ̀nà àbọ̀, owó rẹ̀ sì wà lọ́rùn ẹni tó háyà mọ́tò.