Ìdákẹ́jẹ́ Ẹ́ńjìnnì àti Agbára Ará Ìlú: Ìtàn Rélùwéè láti Ojú Iníṣà

Ìfáárà

Ọjọ́ tí irin dé ìlú kọ̀ọ̀kan ni àwọn òpìtàn rélùwéè ilẹ̀ Yorùbá sábà máa ń tọpa rẹ̀: iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1896, irin dé Òṣogbo ní 1907, ó sì dé Ìlọrin ní 1908. Láàárín ìgbà náà ni ó gba agbègbè Ìkìrun, Iníṣà àti Òkukù kọjá. Ìbéèrè tiwa nínú bébà yìí yàtọ̀: kí ni ó ń mú kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin pariwo, tàbí kí ó dákẹ́, ní àdúgbò tí ènìyàn ń gbé? Ẹ́ńjìnnì alábátìrì tí ń to ọkọ̀ ẹrù nínú ọgbà rélùwéè ni a ó fi ṣe òṣùwọ̀n. Èrò wa ni pé ọgbọ́n onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan kò tó. Òfin ni ó kọ́kọ́ ń béèrè ìdákẹ́jẹ́.

Iṣẹ́ inú ọgbà

Ẹ́ńjìnnì tí ń rin ọ̀nà jíjìn kì í fi bẹ́ẹ̀ sinmi. Ti inú ọgbà kò rí bẹ́ẹ̀: yóò ti ọkọ̀ ẹrù kan síwájú, yóò fa òmíràn sẹ́yìn, yóò sì dúró pẹ́ kí iṣẹ́ mìíràn tó kàn án. Bí ó bá jẹ́ eléèédú, iná kò gbọdọ̀ kú nínú rẹ̀ bí ó tilẹ̀ dúró. Bí ó bá jẹ́ ti dísẹ̀lì, wọn a sábà fi í sílẹ̀ kí ó máa kùn lásán. Nínú ẹ́ńjìnnì alábátìrì, dísẹ̀lì kékeré ni ó ń fi iná mànàmáná kún bátìrì. Bátìrì ni ó sì ń fún mọ́tò tí ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní agbára. Bí bátìrì bá ti kún, a lè pa dísẹ̀lì, kí iṣẹ́ sì máa lọ láìsí ariwo púpọ̀.

Àpẹẹrẹ New York

Ní oṣù kìn-ín-ní 1902, èéfín bo iná ìkìlọ̀ mọ́ awakọ̀ kan lójú nínú ihò abẹ́ Park Avenue ní New York. Ọkọ̀ rẹ̀ kọ lu òmíràn, ó kéré tán ènìyàn 15 ni ó kú. Òfin 1903 tẹ̀ lé e: ẹ́ńjìnnì eléèédú kò gbọdọ̀ wọ àárín ìlú náà mọ́ láti 1908. Ní 1923, òfin Kaufman fa èèwọ̀ náà dé gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n owó ńlá ni yóò ná ẹni tí ó bá fẹ́ fa iná mànàmáná dé gbogbo ọgbà ẹrù. Ìdí nìyí tí General Electric àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ fi gbé ẹ́ńjìnnì tí ó ní dísẹ̀lì àti bátìrì jáde láti 1928. Lẹ́yìn 2000, Railpower ti Kánádà tún jí irú rẹ̀ dìde, ó pè é ní Green Goat; ṣùgbọ́n bátìrì àwọn kan gbiná, wọ́n sì kó wọn padà fún àtúnṣe.

Ọ̀ràn Iníṣà

Ní tiwa, ìjọba amúnisìn ni ó la ọ̀nà irin náà kí ekuro, òwú àti kòkó lè dé etíkun. Nígbà tí dísẹ̀lì sì bẹ̀rẹ̀ sí gba ipò èédú láti àwọn ọdún 1950, àwọn aláṣẹ rélùwéè ni ó pinnu rẹ̀. Ẹnì kan lè jiyàn pé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní ohùn. Òótọ́ ni: Michael Imoudu àti ẹgbẹ́ wọn wà lára àwọn tí ó léwájú nínú ìyanṣẹ́lódì ńlá ti 1945. Àmọ́ owó ìrànwọ́ nítorí ọ̀wọ́n ọjà ni wọ́n ń béèrè. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ni, kì í ṣe ti ẹni tí ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin.

Ìgúnlẹ̀

Dísẹ̀lì ni ó ń fa ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí a ṣí ní 2021. Iná mànàmáná ni ti Blue Line tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní Èkó ní 2023. Ìjọba ni ó yan méjèèjì. Nítorí náà, kò tó kí òpìtàn kọ ọdún tí ẹ̀rọ dé. Ó yẹ kí ó béèrè ẹni tí ń mí èéfín rẹ̀, àti òfin tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè dì mú. Ẹni tó kàn ló mọ̀. Bí a kò bá kọ ìtàn ẹni tó kàn, a ó máa ka ariwo sí àmì ọ̀làjú.