Alágbàtọ́ àti Òfin: Bí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí í Ṣọ́ Ọmọ Ọlọ́mọ

Àwọn baba wa a máa sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1870, nígbà tí kò sí ìlú tí ó tó Lọ́ńdọ̀nù ní gbogbo ayé, tí ọkọ̀ ojú omi ń kó ọrọ̀ ilẹ̀ gbogbo wá sí èbúté rẹ̀, tí àwọn aṣòfin rẹ̀ sì ti ṣòfin láti ọdún 1822 pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lu ẹṣin tàbí màlúù ní ìlù ìkà, kò sí òfin kan tí ó bi obìnrin tí ó ń gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́ nítorí owó léèrè bóyá ọmọ náà jẹun lónìí.

Kí a má ṣe yára dá àwọn ìyá tí ó ń gbé ọmọ wọn sílẹ̀ lẹ́bi. Òfin àwọn aláìní tí wọ́n ṣe ní ọdún 1834 ti di ẹrù ọmọ tí a bí láìsí ìgbéyàwó rù ìyá nìkan, bàbá sì ń rìn lọ ní tirẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé olówó, bí ó bá lóyún, iṣẹ́ bọ́, bí ó bá sì bímọ, kò sí ẹni tí yóò gbà á síṣẹ́ pẹ̀lú ìkókó lẹ́yìn. Irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ ni ó ń ka ìpolówó inú ìwé ìròyìn, níbi tí ẹnì kan ti ń ṣèlérí ilé rere àti ìfẹ́ abiyamọ fún ọmọ rẹ̀, tí yóò sì gba pọ́n-ùn márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá ronú díẹ̀ yóò mọ̀ pé pọ́n-ùn márùn-ún kò lè tọ́ ọmọ dàgbà, àti pé bí ọmọ bá ti ń pẹ́ láyé tó ni èrè ẹni tí ó gbà á ń dínkù tó.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1870 ni ọlọ́pàá kan, tí òkú àwọn ìkókó tí wọ́n ń rí ní àdúgbò Brixton ti ń gbé lọ́kàn, tọpa dé ilé opó kan tí à ń pè ní Margaret Waters. Inú ilé ìdáná ni ó ti bá àwọn ìkókó bíi mẹ́fà lórí àga gbọọrọ kan, ìdọ̀tí bò wọ́n, ebi ti hàn wọ́n léèmọ̀, kò sì sí èyí tí ó ń ké nínú wọn, nítorí oògùn amúnisùn tí a fi oje ópíọ̀mù pò ni wọ́n fi ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ó dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn náà, nítorí ẹkún nìkan ni ọmọ ọwọ́ ní láti fi pe aládùúgbò, wọ́n sì ti gba ìyẹn náà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n yẹgi fún Waters ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1870.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni òfin àkọ́kọ́ jáde. Ó ní kí ẹni tí ó bá gba ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọn kò tíì pé ọdún kan, sọ́dọ̀ fún ohun tí ó ju wákàtí 24 lọ nítorí owó, lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ wo bí ihò rẹ̀ ti pọ̀ tó! Ẹni tí ó gba ẹyọ ọmọ kan ti bọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó gba ọmọ ọlọ́dún kan àbọ̀ ti bọ́. Ẹni tí ó ń gbà wọ́n lówùúrọ̀ tí ó ń dá wọn padà nírọ̀lẹ́ náà ti bọ́. Àwọn obìnrin ajàfẹ́tọ̀ọ́, tí Lydia Becker wà lára wọn, ta ko òfin náà pé yóò ká àwọn obìnrin tálákà lọ́wọ́ kò, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ṣeé dà nù, nítorí òfin náà kò fi kọ́bọ̀ kan kún owó ìyá tí ìṣẹ́ ń lé kiri. Àwọn tí ó wá forúkọ sílẹ̀ kò tó nǹkan.

Bẹ́ẹ̀ ni ó wà títí di ọdún 1896, nígbà tí wọ́n yọ ìdì kan nínú odò Thames nítòsí Reading, òkú ìkókó ni wọ́n bá nínú rẹ̀, orúkọ kan àti àdírẹ́sì tí omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ sì wà lára ìwé tí wọ́n fi dì í. Ìwé náà ni ó mú wọn dé ọ̀dọ̀ Amelia Dyer, obìnrin tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ibi yìí, tí ilé ẹjọ́ ti fi sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà rí ní ọdún 1879, tí ó sì jáde tí ó tún padà sídìí òwò rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ni wọ́n yẹgi fún òun náà. Ìgbà yìí ni òfin 1897 sún ọjọ́ orí ọmọ sí ọdún márùn-ún, tí òfin 1908 sì wá sọ pé kódà ẹyọ ọmọ kan ṣoṣo kan ìjọba. Ikú ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún òfin kọ̀ọ̀kan, ó sì bà mí nínú jẹ́ láti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ tí ń lọ lówùúrọ̀ tí ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ kò rí ojú òfin títí ogun ńlá kejì fi parí. Nígbà ogun náà, tí obìnrin gba ipò ọkùnrin ní ilé iṣẹ́, ìjọba dá ilé jẹ́lé-ó-sinmi tí ó tó nǹkan bí 1,500 sílẹ̀. Ogun parí, wọ́n sì ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Òfin 1948 ni ó wá ní kí jẹ́lé-ó-sinmi aládàáni àti obìnrin tí ń tọ́jú ọmọ nínú ilé rẹ̀ forúkọ sílẹ̀, kí wolé-wolé sì lè wò ó. Iye ọmọ, bí ilé ti rí, àti kí àrùn má ràn ni òfin náà gbájú mọ́. Ohun tí ọmọ ń ṣe láti òwúrọ̀ dalẹ́, bóyá ẹnikẹ́ni ń bá a sọ̀rọ̀, kò sí nínú rẹ̀.

Àsìkò yìí ni àwọn ọmọ káàárọ̀-oò-jíire ń rọ́ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ ìmọ̀ òfin, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ìṣirò owó. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán ó ń kàwé ní òru, aya ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, onílé sì ti kọ ọ́ sójú fèrèsé pé òun kò gba aláwọ̀ dúdú, òun kò sì gba ọmọ kékeré. Wọ́n ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá alágbàtọ́, àwọn obìnrin òyìnbó ní Kent, ní Essex àti ní Sussex sì ń dá wọn lóhùn. Lójú àwọn òbí wọ̀nyí, kò sí ohun tuntun níbẹ̀, nítorí ta ni kò mọ ọmọ tí ó dàgbà lọ́dọ̀ ìyá àgbà tàbí lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá? Ṣùgbọ́n ọmọ tí a fi fún ẹ̀gbọ́n bàbá ní Ìbàdàn, igba ojú ni ó ń wò ó: bí ìyá rẹ̀ bá pàdé ará àdúgbò náà lọ́jà, kí ó tó ra ata tán yóò ti gbọ́ bóyá ọmọ ń rù tàbí ó ń sanra, bí àwọn ará ilé ìyá bá wá ṣe òkú, wọn yóò gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, wọn yóò ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè, wọn yóò wo ẹ̀yìn rẹ̀ wò, bí ohun tí wọ́n rí kò bá sì tẹ́ wọn lọ́rùn, ọmọ bá wọn lọ nìyẹn. Ní abúlé Kent, ta ni yóò ká ẹ̀wù? Ta ni yóò jí ọmọ lówùúrọ̀ pẹ̀lú oríkì, tí yóò pè é ní Àjàní ọkọ, tí yóò pè é ní Àdùkẹ́ títí orí rẹ̀ yóò fi wú?

Mo mọ̀ pé alágbàtọ́ tí ó fẹ́ràn àwọn ọmọ yìí tọkàntọkàn pọ̀, èmi kò sì ní pa ìyẹn mọ́. Ṣùgbọ́n Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí wọ́n fi fún tọkọtaya kan ní Tilbury nígbà tí ó wà ní ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ti fi fíìmù rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 2018 hàn wá bí ọmọ Yorùbá ṣe lè dàgbà débi pé ó ń bá àwọn jàǹdùkú tí ó kórìíra àwọ̀ ara rẹ̀ rìn. Òfin 1958 ti ní kí irú alágbàtọ́ bẹ́ẹ̀ fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí. Ọ̀pọ̀ ni kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó sì fẹ́ mọ bí ìforúkọsílẹ̀ nìkan ti kéré tó, kí ó ka Second-Class Citizen, ìwé ìtàn tí Buchi Emecheta gbé jáde ní ọdún 1974, èyí tí ó fà yọ nínú ìgbésí ayé òun fúnra rẹ̀. Trudy, obìnrin tí ń tọ́jú àwọn ọmọ Adah, ìyá tí ìtàn náà dá lé, ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́. Ìyá dé láìròtẹ́lẹ̀, ó sì bá ọmọkùnrin rẹ̀ níbi tí ó ti ń fa pàǹtírí jáde nínú garawa, tí ọmọbìnrin rẹ̀ ń fi omi tí ń jò láti ilé ìgbẹ́ bọ́jú. Ìwé àṣẹ wà níbẹ̀, ojú kò sí níbẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni ojú náà dé. Òfin 1968 ní kí ẹni tí ń tọ́jú ọmọ kan péré forúkọ sílẹ̀. Olùwádìí Brian Jackson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní àwọn ọdún 1970, ń dúró lójú pópó kí ilẹ̀ tó mọ́ láti rí ibi tí àwọn ìyá ń gbé ọmọ lọ. Òfin 1989 sọ àbẹ̀wò di ọdọọdún. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ni iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ àjọ Ofsted, tí ń ṣàbẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́, àwọn ni ó sì wá ń fi ibi tí ó dára àti ibi tí kò kójú òṣùwọ̀n hàn fún gbogbo ayé kà. Nígbà tí ìlànà tuntun dé ní ọdún 2008, eré ọmọ, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ àti ìbáṣepọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú olùtọ́jú wọ inú ohun tí alábẹ̀wò gbọ́dọ̀ wò. Èyí ni mo kà sí iṣẹ́ tí ó tóbi jù nínú gbogbo ìtàn yìí.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ alágbàtọ́ kò tíì tán. Victoria Climbié, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí àwọn òbí rẹ̀ ní Ivory Coast fi lé ìbátan bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, kú sí Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kejì ọdún 2000 lẹ́yìn ìyà tí ẹnu kò lè sọ tán. Ní oṣù keje ọdún 1999, obìnrin kan tí ń bá ìbátan náà tọ́jú ọmọ náà, tí kò forúkọ sílẹ̀ níbikíbi, ni ojú rẹ̀ rí ọgbẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀ ni ó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn dókítà àti òṣìṣẹ́ ìjọba, tí ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn, ni ó dá a padà fún ẹni tí ń lù ú. Ìwádìí tí Lord Laming ṣe lórí ikú rẹ̀, tí ó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2003, mú àbá 108 wá. Láti ọdún 2005, ẹni tí yóò bá gba ọmọ tí kì í ṣe ti ìbátan tímọ́tímọ́ sọ́dọ̀ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Àwọn òbí pẹ̀lú gbọ́dọ̀ sọ ọ́, a kò sì yọ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ń gbé ibẹ̀ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba yóò máa wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà ní ọdún àkọ́kọ́, bí ó bá sì ti dé, yóò ní kí àgbàlagbà jáde nínú yàrá, kí òun lè bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ ní òun nìkan.