Pupa tí wọ́n fi búlúù kọ: ìtàn ìdánwò kan tó ṣeé ṣe kó o ti ṣe lórí fóònù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fa àga, thread yìí máa gùn díẹ̀.

Ẹ mọ fídíò yẹn tó máa ń kọjá lórí WhatsApp àti TikTok. Wọ́n á kọ PUPA, ṣùgbọ́n búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n á kọ BÚLÚÙ, wọ́n á fi àwọ̀ ewé kọ ọ́. Wọ́n á ní kó o sọ àwọ̀ tó o rí, kó o má ka ọ̀rọ̀ náà. Ahọ́n á lọ́, wàá bú sẹ́rìn-ín. Nísàlẹ̀, ẹnì kan á ti kọ ọ́ pé àwọn tí ọpọlọ wọn pé nìkan ló lè ṣe é.

Irọ́ ni o. Ẹni tó ṣe ìdánwò yẹn kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ìtàn yìí, nítorí pé ìdánwò kan náà wọ ilé wa, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ bàbá kan. Màá débẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Jámánì.

Ní 1879, Wilhelm Wundt dá yàrá ìwádìí kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Leipzig. Ohun tí àwọn èèyàn rò pé kò ṣeé wọ̀n ló fẹ́ wọ̀n: ohun tó ń lọ nínú èèyàn. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ James McKeen Cattell lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ Cattell ni pé kó fi nǹkan han èèyàn, kó wá wo bó ṣe máa pẹ́ tó kí onítọ̀hún tó pe orúkọ nǹkan náà.

Ní 1886 ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde, ohun tó rí sì yani lẹ́nu. Ó yá wa lára láti ka ọ̀rọ̀ ju ká pe orúkọ àwọ̀ tàbí àwòrán lọ. Ẹ rò ó wò ná. Ojú ọmọ ọwọ́ ti rí àwọ̀ kó tó mọ ìwé. Ìwé kíkà wá dé lẹ́yìn, ó ya àwọ̀ sílẹ̀. Kí ló fà á? Cattell ní a ti ka ọ̀rọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà débi pé ó ti ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, a kì í fi agbára sí i mọ́. Ti àwọ̀ yàtọ̀: a gbọ́dọ̀ wá orúkọ rẹ̀ ká tó pè é.

Ìyẹn dúró bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Onímọ̀ kan ní Jámánì, Erich Jaensch, ti da ọ̀rọ̀ àti àwọ̀ pọ̀ ní 1929, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kọ́ ló mọ́ ìdánwò náà lára. Ọmọ àgbẹ̀ kan láti Tennessee ló gba orúkọ.

John Ridley Stroop ni. Wọ́n bí i ní 1897 ní oko kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Murfreesboro. Ara rẹ̀ kò le nígbà tó wà lọ́mọdé, nítorí náà wọn kì í fún un ní iṣẹ́ oko tó wúwo. Ìwé ló gbájú mọ́. Ó lọ sí George Peabody College ní Nashville, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1933, ó sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1935 nínú Journal of Experimental Psychology. Àkọlé rẹ̀ ni "Studies of Interference in Serial Verbal Reactions". Àkọlé yẹn gbẹ bí ẹja pánlá, mo mọ̀. Ẹ má sá lọ.

Ohun tí Stroop ṣe kò le rárá. Ó mú àwọ̀ márùn-ún: pupa, búlúù, àwọ̀ ewé, búráùn àti elésè àlùkò. Ó tẹ orúkọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí káàdì, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan tó fi àwọ̀ tirẹ̀ tẹ̀. Ọ̀rọ̀ 100 ló wà lórí káàdì kan.

Nínú ìdánwò àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ 70 ka ọ̀rọ̀ lásán. Wọ́n kọ́kọ́ ka èyí tí wọ́n fi yíǹkì dúdú tẹ̀, wọ́n wá ka èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ń ta ko ọ̀rọ̀. Ti dúdú gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú-àáyá 41, ti aláwọ̀ gbà wọ́n ní 43.3. Èyí tó lé kò tó nǹkan. Àwọ̀ kò rí ọ̀rọ̀ gbé ṣe.

Ó wá yí i padà. Akẹ́kọ̀ọ́ 100 ló ṣe ìkejì, àwọ̀ ni wọ́n sì ń pè lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí àwọ̀ wà nínú àpótí kéékèèké tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan, ìṣẹ́jú-àáyá 63.3 ni. Nígbà tí àwọ̀ kan náà wà lára ọ̀rọ̀ tó ń parọ́, ó di 110.3.

Ó fi ìṣẹ́jú-àáyá 47 lé! Àwọ̀ kan náà, ojú kan náà, ẹnu kan náà. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni pé ìwé wà níbẹ̀, ẹni tó sì mọ ìwé kò lè ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. O ò lè sọ fún ojú rẹ pé kó má kà á. Gbìyànjú rẹ̀ nísinsìnyí: wo ọ̀rọ̀ tó kàn kó o má kà á. Ṣé o rí i?

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí nìyẹn, torí ibẹ̀ ni àwọn oní fídíò ti ń ṣì wá lọ́nà. Kì í ṣe àìpé ọpọlọ ló ń lọ́ ọ láhọ́n. Ìwé tó o mọ̀ dáadáa ló ń lọ́ ọ láhọ́n. Bó o bá fi ìdánwò yẹn lọ ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò tíì mọ ìwé, tó sì ti mọ orúkọ àwọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn kò ní dí i lọ́wọ́ rárá. Lójú tirẹ̀, ìlà wíwọ́ lásán ni.

Àlàyé Stroop fúnra rẹ̀ tẹ̀lé ti ọ̀gá rẹ̀, Joseph Peterson. Ohun kan ṣoṣo la máa ń fi ọ̀rọ̀ ṣe bá a bá rí i: a máa kà á. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń fi àwọ̀ ṣe pọ̀. Àpẹẹrẹ tèmi rèé: bí ata bá pọ́n, o máa já a, bí iná títì bá pọ́n, o máa dúró, bí ojú ọmọ bá pọ́n, o máa fọwọ́ kan iwájú rẹ̀ bóyá ó gbóná. Pípe orúkọ àwọ̀ wulẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára wọn.

Ìdánwò kẹta ni mo fẹ́ràn jù, kò sì sí ẹni tó máa ń sọ ọ́. Ó mú akẹ́kọ̀ọ́ 32, ó ní kí wọ́n máa fi ọjọ́ mẹ́jọ ṣe ìdánrawò pípe àwọ̀. Wọ́n yára sí i, ìdíwọ́ náà dín kù, ṣùgbọ́n kò tán. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé nígbà tí wọ́n padà sí ọ̀rọ̀ kíkà, ọ̀rọ̀ aláwọ̀ wá ń dá wọn dúró. Àwọ̀ gbẹ̀san! Kò pẹ́ lọ títí ṣá o, ó tètè pòórá.

(Ẹ gbọ́ ná. Nínú ìdánwò kẹta yìí, Stroop kò lo àpótí mọ́, àmì swastika ló lò, torí pé funfun ìwé máa ń hàn láàárín rẹ̀ bó ṣe ń hàn láàárín lẹ́tà. Hitler ti gorí oyè ní Jámánì nígbà tí ìwé náà jáde. Ẹni tó bá rí i lónìí á fò sókè. Àmì náà ti wà lọ́jọ́ pípẹ́ ṣáájú Hitler.)

Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Stroop fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ ni. Kọ́lẹ́ẹ̀jì David Lipscomb ní Nashville ló ti ń kọ́ni, ó ń kọ́ àwọn èèyàn ní Bíbélì, ó ń wàásù, ó sì ń kọ ìwé nípa Bíbélì. Ó kú ní 1973. Nígbà tí mo rí i pé oníwàásù ni, ọ̀rọ̀ elésè àlùkò yẹn wá dùn mọ́ mi. Inú Bíbélì ni èmi náà ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ní kíláàsì.

Ìwé rẹ̀ sinmi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó di àwọn ọdún 1960, àwọn onímọ̀ padà sí ọ̀rọ̀ bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì hú u jáde. Nígbà tí Colin MacLeod fi máa kó gbogbo rẹ̀ jọ ní 1991, nǹkan bí 400 ìwádìí ló wà nílẹ̀.

MacLeod kan náà pẹ̀lú Kevin Dunbar ti ṣe ọ̀kan tí mi ò lè gbàgbé ní 1988. Wọ́n ya àwọn àwòrán tí kò jọ nǹkan kan, wọ́n fi orúkọ àwọ̀ sọ wọ́n. Bí ẹni pé o rí àwòrán kan tó rí wọ́gọwọ̀gọ, wọ́n sì ní orúkọ rẹ̀ ni Pupa. Níbẹ̀rẹ̀, àwọ̀ tí wọ́n fi kun àwòrán ló ń da orúkọ rẹ̀ rú. Lẹ́yìn ogún ọjọ́ ìdánrawò, ọ̀rọ̀ ti yí padà: àwòrán ló wá ń da àwọ̀ rú. Kò sí ìwé kankan níbẹ̀ o. Ohun tó o bá ń ṣe léraléra náà ni yóò máa wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

Àwa elédè méjì ńkọ́? Ní 1969, Preston àti Lambert dán àwọn tó gbọ́ èdè méjì wò. Ọ̀rọ̀ wà ní èdè kan, èdè kejì ni wọ́n fi ń dáhùn. Èdè kìíní ṣì ń dí wọn lọ́wọ́. Èdè tó o rò pé o ti pa kò kú.

Ó yá, ilé wa.

Ní 1978, Charles Golden ṣètò ìdánwò yìí fún lílò nílé ìwòsàn, láti wo bí àfiyèsí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ fara gbá ṣe rí. Irú rẹ̀ ni wọ́n gbé fún bàbá bàbá mi.

Ahunṣọ ni Bàbá àgbà, ní Ìṣẹ́yìn. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n lọ́dún tó kọjá, ó dúpẹ́ pé kò le púpọ̀. Nílé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n gbé ìwé síwájú wọn: RED, GREEN, BLUE. Wọ́n ní kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì pe àwọ̀, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé mẹ́ta ni Bàbá kà. Yorùbá ni wọ́n ń kà dáadáa, wọ́n máa ń ka Aláròyé. Gẹ̀ẹ́sì yẹn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tò pọ̀.

Nígbà tó kan àwọ̀, wọ́n pe búlúù ní ẹtù. Wọ́n pe pupa ní àlàárì. Aṣọ òkè ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn hun, ẹ má gbàgbé. Ẹni tó ń kọ àbájáde kọ ọ́ pé wọ́n ṣì í. Ó parí rẹ̀ síbẹ̀ pé àfiyèsí wọn kò dára.

Ìwé yẹn dé ilé. Ọ̀dọ̀ Bàbá ni owó àjọ àwọn ahunṣọ àdúgbò máa ń wà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ àpótí lọ́wọ́ wọn, dókítà ti sọ pé orí wọn ò pé mọ́. Bàbá mi ní kò sẹ́ni tó máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá òun lójú òun. Ohùn lọ sókè. Bàbá àgbà jókòó sórí àga wọn, wọn ò sọ nǹkan kan, èyí ló dùn mí jù.

Èmi ni wọ́n ní kó ka ìwé náà, ṣebí èmi ni mo jáde yunifásítì. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọ̀rọ̀ Stroop nìyẹn. Ohun tí mo rí ni mo kọ sókè yìí: ìdánwò náà dúró lórí pé o mọ ìwé èdè náà débi pé o ò lè sá fún un, àti pé orúkọ tó o ń pe àwọ̀ bá tẹni tó ń wọ̀n ọ́ mu. Ti Bàbá àgbà kò sí níbì kankan nínú méjèèjì.

A padà lọ. Mo bẹ dókítà mìíràn níbẹ̀, mo sọ ohun tí mo kà, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Ó gbọ́ mi. Ó fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀, ó lo àwọn ìdánwò tí kò gba ìwé kíkà. Ká má parọ́, ìyàtọ̀ wà: nǹkan tó bá wá lẹ́ẹ̀kan náà lọ́nà méjì ń rú wọn lójú, wọ́n sì ń gbàgbé ohun tí wọ́n ní kí wọ́n dì mú. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé àkọ́kọ́ sọ pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Àbúrò mi ló ń jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ àjọ, ó ń kọ orúkọ àti iye. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó kọ náírà 5,000 sí ẹnì kan lọ́rùn lẹ́ẹ̀méjì, Bàbá àgbà ló sì rí i.