Iṣẹ́ abẹ ìsanrajù: Èwo ló bá ara ta ni mu?

Lọ́dún 2005, gbajúgbajà agbábọ́ọ̀lù ọmọ orílẹ̀-èdè Argentina nì, Diego Maradona, rìnrìn àjò lọ sí ìlú Cartagena ní Colombia, níbi tí àwọn dókítà ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nítorí ara rẹ̀ tó ti sanra jù. Lọ́dún 2013, Chris Christie, tó jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ New Jersey l'Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣe tirẹ̀ ní bòńkẹ́lẹ́.

Ìsanrajù ni ìṣòro àwọn méjèèjì, àmọ́ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe kò jọra. Wọ́n pín àpòlúkù Maradona, ìyẹn àpò tí oúnjẹ máa ń wọ̀ sí nínú ikùn, wọ́n sì yí ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà kọjá padà. Ní ti Christie, ìgbànú rọ́bà kan ni wọ́n fi de òkè àpòlúkù rẹ̀. Ọ̀nà kejì yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìgbàgbé ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn lónìí.

Àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Èkó, Àbújá àti Accra náà ti ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí. Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbé lọ bá dókítà ni pé èwo ló ń tètè múni rù. Àmọ́ ìbéèrè tó ṣe kókó jù ni pé, àìsàn wo ló wà lára ẹni náà tẹ́lẹ̀, oògùn wo ló ń lò, ta ni yóò sì máa tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún?

Ta ni iṣẹ́ abẹ náà wà fún?

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Fífa ọ̀rá kúrò nínú ikùn tàbí ìdí, èyí tí ìpolówó rẹ̀ kún orí Instagram, kì í ṣe iṣẹ́ abẹ ìsanrajù. Ìrísí ara ni ìyẹn ń tún ṣe. Kò dín ebi kù, kì í sì í ṣe ìtọ́jú ìtọ̀ ṣúgà.

Òṣùwọ̀n tí àwọn dókítà ń lò ni BMI. Wọn yóò fi gíga ènìyàn ní mítà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, wọn yóò sì fi ohun tí wọ́n rí pín kílò tó wọ̀n. Ẹni tó ga ní mítà 1.65, tó sì wọn kílò 110, BMI rẹ̀ lé díẹ̀ ní 40. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ka 30 sókè sí ìsanrajù.

Lọ́dún 1991, ìpàdé àwọn onímọ̀ tí iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera Amẹ́ríkà, NIH, pè fi ìlànà lélẹ̀ pé ẹni tí BMI rẹ̀ bá tó 40 ló lè ṣe iṣẹ́ abẹ náà, tàbí ẹni tó tó 35 tó sì ní àìsàn mìíràn tí ìsanrajù fà. Lọ́dún 2022, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ìsanrajù l'Amẹ́ríkà, ASMBS, àti ti àgbáyé, IFSO, tún un ṣe. Wọ́n ní ẹni tó bá ti tó 35 lè ṣe é bí kò tilẹ̀ ní àìsàn kankan, wọ́n sì lè gbé ẹni tó wà láàrin 30 sí 35 yẹ̀wò bó bá ní ìtọ̀ ṣúgà.

Méjì tó wọ́pọ̀ jù

Èkínní ni sleeve gastrectomy. Oníṣẹ́ abẹ yóò gé nǹkan bí ìdá 75 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún àpòlúkù dànù, èyí tó kù yóò sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọn kò ní fọwọ́ kan ìfun. Apá tí wọ́n gé dànù yìí ni ghrelin ti ń wá jù, ìyẹn èròjà tó máa ń sọ fún ọpọlọ pé ebi ń pani. Nítorí náà, kì í ṣe àyè oúnjẹ nìkan ló dínkù, ebi fúnra rẹ̀ náà máa ń rọlẹ̀. Àmọ́ ohun tí wọ́n gé dànù kò lè padà mọ́. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ṣe é gbọ́ gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Èkejì ni gastric bypass, tí Edward Mason bẹ̀rẹ̀ ní Fásitì Iowa l'Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960. Irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù ń jẹ́ Roux-en-Y, orúkọ tí wọ́n fà yọ láti ara ti César Roux, oníṣẹ́ abẹ ará Switzerland. Wọn yóò fi òkè àpòlúkù ṣe àpò kékeré kan tí kò ju nǹkan bí 30 mìlílítà lọ, ìyẹn omi ṣíbí ìjẹun ńlá méjì. Wọn yóò wá so àpò náà mọ́ ìfun kékeré nísàlẹ̀, débi pé oúnjẹ yóò fo àpòlúkù tó kù àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kọjá. Wọn kò gé nǹkankan dànù níbí, àmọ́ ọ̀nà oúnjẹ ti yípadà.

Ihò kéékèèké ni wọ́n sábà máa ń gbà ṣe méjèèjì lónìí, pẹ̀lú kámẹ́rà. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní LABS, tí èsì rẹ̀ jáde l'Amẹ́ríkà lọ́dún 2009, nǹkan bí ènìyàn mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún kan ló kú láàrin ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe é lójoojúmọ́ ni iye yẹn ti wá o. Kò sí ẹni tó lè yá a lò fún ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe ẹyọ méjì lọ́dún.

Kí ni ìwádìí sọ?

Ní Finland, àwọn onímọ̀ pín 240 ènìyàn sí ọ̀nà méjì, àwọn kan ṣe sleeve, àwọn yòókù ṣe bypass, wọ́n sì ń tọ́ wọn lẹ́yìn fún ọdún mẹ́wàá. Orúkọ ìwádìí náà ni SLEEVEPASS. Nígbà tí ọdún mẹ́wàá pé, àwọn tó ṣe sleeve ti pàdánù nǹkan bí ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún àpọ̀jù kílò tó wà lára wọn, àwọn tó ṣe bypass sì ti pàdánù nǹkan bí ìdá 51. Ìyàtọ̀ wà, àmọ́ kò tó ohun tí ènìyàn lè torí rẹ̀ nìkan yan ọ̀kan.

Ibòmíràn ni ìyàtọ̀ ńlá wà. Nígbà tí wọ́n fi kámẹ́rà wo ọ̀nà ọ̀fun wọn, egbò tí omi kíkan inú àpòlúkù ń dá síbẹ̀ wà lára ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣe sleeve. Ìdá 7 péré ni lára àwọn tó ṣe bypass.

Ohun tó yẹ kó pinnu rẹ̀

Èsì ti Finland yìí ti fi ọ̀kan hàn. Ẹni tí omi kíkan bá ti ń gòkè wá sí ọ̀fun rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó ń ta á láyà lóru, bypass ni ọ̀pọ̀ dókítà yóò kọ́kọ́ dárúkọ fún un, nítorí pé sleeve lè mú kó burú sí i.

Ti ìtọ̀ ṣúgà náà wà níbẹ̀. Nínú ìwádìí STAMPEDE tí wọ́n ṣe ní Cleveland Clinic l'Amẹ́ríkà, 150 ènìyàn tó ní ìtọ̀ ṣúgà oríṣi kejì ni wọ́n pín sọ́nà mẹ́ta. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣe bypass àti ìdá 23 àwọn tó ṣe sleeve ni ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn wà níbi tí àwọn dókítà fojú sí. Nínú àwọn tó lo oògùn nìkan, ìdá 5 ni.

Oògùn ara ríro ni ọ̀rọ̀ tó kan ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jù, òun sì ni ìpolówó kì í sọ. Ojú ibi tí wọ́n ti so àpò kékeré mọ́ ìfun nínú bypass lè dá ọgbẹ́, pàápàá lára ẹni tó ń mu sìgá tàbí tó ń lo ibuprofen, diclofenac, piroxicam àti irú wọn. Ọgbẹ́ náà lè ṣẹ̀jẹ̀, ó sì lè lu. Ní ìlú tí ènìyàn ti lè ra oògùn wọ̀nyí lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri ọjà nínú mọ́tò, láìmọ ohun tó wà nínú ọ̀rá tí wọ́n dì í sí, ewu yìí kì í ṣe kékeré. Ẹni tí orúnkún ń dùn, tí kò lè ṣe kó má lò wọ́n, sleeve lè dára fún un ju bypass lọ. Paracetamol kò sí lára àwọn oògùn tí à ń wí yìí.

Kòkòrò Helicobacter pylori, tó máa ń fa ọgbẹ́ inú, wọ́pọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú. Ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé, nítorí pé lẹ́yìn bypass, kámẹ́rà tí wọ́n ń gba ẹnu tì wọlé kò ní lè tètè dé ara àpòlúkù tó kù mọ́.

Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń pọ̀ jù, bóyá nítorí fibroid, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà. Ìbẹ̀rẹ̀ ìfun tí oúnjẹ fò kọjá nínú bypass ni ara ti ń gba iron, tó fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, nítorí náà àìtó ẹ̀jẹ̀ lè gbilẹ̀. Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí wọ́n ń gbé mì pẹ̀lú lè má ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ lẹ́yìn bypass. Ọ̀ràn yìí kì í ṣe eré, nítorí ìmọ̀ràn tó wà ni pé kí obìnrin má lóyún títí oṣù 12 sí 18 yóò fi kọjá, ara tó ń rù sì máa ń mú kí àwọn tó ti ń wá ọmọ tètè lóyún.

Ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ìpinnu rẹ̀ kò lè jẹ́ ti oníṣẹ́ abẹ nìkan. Àìlè mu omi tó ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè dá ìrora àìsàn náà sílẹ̀, yálà sleeve ni tàbí bypass. Bákan náà ni ẹni tó ń lo oògùn wárápá tàbí ti HIV lójoojúmọ́ yẹ kó béèrè bóyá ara rẹ̀ yóò ṣì máa gba oògùn náà bó ṣe yẹ.

Àwọn yòókù ńkọ́?

Ìgbànú rọ́bà irú ti Christie gba àṣẹ àjọ FDA l'Amẹ́ríkà lọ́dún 2001. Dókítà gbọ́dọ̀ máa fi abẹ́rẹ́ fi omi kún un tàbí fà á jáde nígbà gbogbo, ó sì lè yẹ̀ kúrò níbi tó wà. Ọ̀pọ̀ ló padà lọ yọ ọ́. Ní ìlú tí kò sí ẹni tó lè tún un ṣe, kò bójú mu kí wọ́n tún máa tà á fún ènìyàn.

Biliopancreatic diversion, tí Nicola Scopinaro gbé kalẹ̀ ní Ítálì ní àwọn ọdún 1970, àti irú rẹ̀ tuntun tí wọ́n ń pè ní duodenal switch, ló ń mú kílò kúrò jù. Òun náà ló sì ń fa àìtó oúnjẹ aṣaralóore jù lára. Bálúù tí wọ́n ń gbé sínú àpòlúkù fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà kì í ṣe iṣẹ́ abẹ, kílò sì lè padà lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́.

Àwọn abẹ́rẹ́ bíi semaglutide, tí FDA fọwọ́ sí fún ìsanrajù lọ́dún 2021 lórúkọ Wegovy, ti mú kí àwọn kan sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Kílò sábà máa ń padà bí ènìyàn bá dá a dúró, owó rẹ̀ sì ń lọ lóṣooṣù.

Ìgbé ayé lẹ́yìn rẹ̀

Maradona rù gan-an lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ rẹ̀, àmọ́ ó tún padà sanra. Ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò àti àwọn nǹkan dídùn máa ń gba ojú ihò tóóró kọjá láìsí ìdíwọ́. Ní ti ẹni tó ṣe bypass, wọ́n tún lè mú kó làágùn, kí àyà rẹ̀ máa já, kí òòyì sì máa kọ́ ọ. Ọtí líle máa ń tètè pa á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹja, ẹyin, ẹ̀wà àti ẹran rírọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ wọlé, kí òkèlè iyán tàbí ẹ̀bà díẹ̀ tó tẹ̀lé e, bí àyè bá ṣì wà. Wọn kì í mu omi pọ̀ mọ́ oúnjẹ. Fítámì B12, iron, calcium àti fítámì D di ohun tí ènìyàn yóò máa lò títí ayé, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́dọọdún. Owó wọn gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ní Nàìjíríà ti ń san án.

Iye tó kéré máa ń fa àwọn kan lọ sí Turkey. Àwọn oníṣẹ́ abẹ tó mọṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ lọ́dún 2023, àjọ tó ń dènà àrùn ní Yúróòpù, ECDC, kéde pé májèlé botulism mú àwọn tó lọ gba abẹ́rẹ́ Botox sínú àpòlúkù ní Istanbul àti Izmir. Àìsàn náà ti dé ara àwọn mìíràn nígbà tí wọ́n ti padà sí Jámánì. Ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ kọ́ ni ìṣòro ti sábà máa ń yọjú.

Nítorí èyí, kí aláìsàn gba ìwé tí wọ́n kọ orúkọ iṣẹ́ abẹ náà àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é sí, kó sì ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù. Lẹ́yìn bypass, ìfun lè kọ́ra nínú ikùn lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, tí inú yóò máa run ènìyàn lójijì. Dókítà tó bá gbà á sílé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà nílò láti mọ̀ pé ìfun ẹni yìí kò sí níbi tó máa ń wà.