Iyọ̀, gẹ̀gẹ̀ àti aboyún

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ná ọjà Ogoja, gẹ̀gẹ̀ ọrùn pọ̀ níbẹ̀ láyé àtijọ́. Dókítà Ekpechi ṣèwádìí gẹ̀gẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn láàárín ọdún 1960 sí 1969. Èròjà áyódìn ni kò tó nínú oúnjẹ. Ẹ̀gẹ́ tí wọn ò rẹ dáadáa náà sì ń dá kún un. Ọdún 1993 nìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí wọ́n fi áyódìn sínú iyọ̀.

Aboyún gan-an lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Lóṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, họ́mónù ìyá lọmọ inú fi ń kọ́ ọpọlọ. Ọrùn ìyá lè má wú rárá, kó má sì tó! Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ TSH ló ń fi í hàn. Ẹni tí gẹ̀gẹ̀ bá wà nídìílé ẹ̀, kó tètè sọ fún nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀yin oníyọ̀, ẹ má fi í síta gbangba sínú oòrùn o. Áyódìn inú ẹ̀ á fò lọ.