Ìtàn Òfosù Kò Sí ní Òfosù Nìkan: Ọ̀rọ̀ lórí Ìwádìí Ìtàn Àdúgbò àti ti Ìdílé

 Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tí àgbà ń wò yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ wò ní ìrọ̀lẹ́ yìí. N kò ní sọ̀rọ̀ nípa Ifẹ̀ tàbí Ọ̀yọ́, tí àwọn onítàn ti kọ ìwé púpọ̀ lé lórí. Ìlú ọlọ́jà kan lẹ́bàá títì tí ó ti Ọ̀rẹ̀ lọ sí Bìní ni mo mú wá. Òfosù ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè.

Ẹni tí ó bá gun Òkè Ìdànrè kò ní pẹ́ kó ìtàn. Àtẹ̀gùn tí ó ju ẹgbẹ̀ta lọ ni yóò gbé e dé ìlú àtijọ́, níbi tí ààfin Ọwá wà, tí àwọn ọmọ Ìdànrè gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ nínú ọ̀rúndún ogún. Ní ọdún 2007, òkè yìí wọ inú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Òfosù kò ní irú èyí. Igbó ọba, oko kòkó àti ọjà ni ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ yóò rí. Púpọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ ni ó jẹ́ pé àwọn tàbí òbí wọn ti ibòmíràn wá. Bí o bá bi wọ́n pé, “Níbo ni ilé yín?”, ìlú mìíràn ni wọn yóò dárúkọ. Ǹjẹ́ irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní ìtàn? Ìbéèrè yìí ni ó gbé mi débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí àwọn ẹlòmíràn ń gbà ṣe iṣẹ́ yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn ìdílé rẹ̀ ní ìlú ọlọ́jà kékeré kan yóò lọ wo ìwé. Láti ọdún 1538 ni a ti pàṣẹ fún àwọn ìjọ wọn láti máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sílẹ̀. Ní 1837, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìbí àti ikú ará ìlú sílẹ̀, láti 1841 sì ni orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń wà nínú ìkànìyàn wọn. Òkú tí wọ́n bá sin síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí òkúta orí sàréè rẹ̀ wà níbẹ̀. Nítorí náà, ìlú kan lè tó fún olùwádìí.

Tiwa yàtọ̀. Ìwé kò sàì sí, ṣùgbọ́n ó fọ́nká. Òfosù wà ní ààlà. Títí di ọdún 1963 tí a dá Àárín Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kan náà ni ilẹ̀ Ondó àti ilẹ̀ Bìní wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé agbègbè méjì ni àwọn òyìnbó pín wọn sí. Olùwádìí tí ó bá lọ sí Ibi Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba ní Ìbàdàn gbọ́dọ̀ yẹ fáìlì agbègbè Ondó wò, kí ó sì yẹ ti Bìní wò pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá wo ọ̀kan, ìdajì ìtàn ni ó rí. Lẹ́yìn èyí ni ìwé ìrìbọmi, ìwé owó-orí, ìwé kóòtù, àti ìwé ìṣákọ́lẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ń dì sínú àpótí.

Ẹnu àgbà ni ìwé kejì. Àwọn àgbà wa kì í ka ọdún ní 1, 2, 3, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣàmì. Ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1947 ni oòrùn ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gba ọwọ́ ọ̀tún, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1973 sì ni a fi náírà rọ́pò pọ́n-ùn. Ẹni tí ó bá mọ àwọn àmì wọ̀nyí yóò lè fi ọdún sí ọ̀rọ̀ àgbà.

Mo fẹ́ fi ohun kan tí ojú mi rí ṣe àpẹẹrẹ. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìyá kan tí ó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Òfosù sọ fún mi pé, “Ọdún tí oòrùn wọ òkùnkùn ni bàbá mi dé ibí. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n bí mi. Èmi wà nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ jẹ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́.” Mo ṣe ìṣirò. 1947, 1948, 1955: ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje. Ọ̀rọ̀ náà gún régé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé Òfosù ni wọ́n bí ìyá yìí sí, inú mi sì dùn.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan kì í jẹ́ àwa dé. Nígbà tí ìyá náà fi ìwé ìṣákọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ hàn mí, orúkọ tí ó wà lára rẹ̀ kì í ṣe orúkọ bàbá rẹ̀. Ó ní bóyá akọ̀wé ni ó ṣì í kọ. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì lọ sí ìlú wọn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tí ó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dárúkọ tí ó wà nínú ìwé náà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n wa àgbà nìyẹn. Òun ni ó kọ́kọ́ lọ. Ilé níbí ni a bí ọmọ yẹn sí, ó ti ń rìn kí bàbá rẹ̀ tó gbé e tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sóko.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìyá ọlọ́jà náà. Ọdún tí ó dá tọ̀nà. Ṣùgbọ́n “bàbá” ní èdè wa kì í ṣe ẹni tí ó bí ni nìkan, ẹ̀gbọ́n bàbá náà bàbá ni. Ọkùnrin méjì ni ó ń gbé inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n náà kò fi ọmọ sílẹ̀. Nígbà tí ó kú, wọ́n gbé e lọ sílé láti sin, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ní Òfosù kò ní sàréè, ní ìlú rẹ̀ kò ní oko. Nígbà tí ó yá, gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wọ inú orúkọ àbúrò rẹ̀. Bí kì í bá ṣe bébà kan nínú àpótí àti arúgbó kan tí ó ṣì wà láàyè, ẹni tí ó kọ́kọ́ dá oko kòkó yẹn ìbá ti parẹ́.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo rí kọ́. Èkíní, kí a má ṣe gba ìṣirò tí ó gún régé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ìtàn péye, nítorí ọdún lè tọ̀nà kí ènìyàn ṣì. Èkejì, kí a máa bèèrè pé, “Bàbá wo? Ṣé èyí tí ó bí yín ni?” Ẹ̀kẹta, ìtàn ìlú tí àjèjì tẹ̀dó sí kò lè pé ní ojú kan. Ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ni ìwé wọn wà, ibi tí wọ́n sin wọ́n sí ni ẹlẹ́rìí wọn wà.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ̀ lásán. Ọmọ tí a bí sí Òfosù lónìí, bí ó bá ń wá ìwé ẹ̀rí ọmọ bíbí ìlú láti fi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ìlú bàbá rẹ̀ ni wọn yóò ní kí ó lọ, bí kò tilẹ̀ sùn níbẹ̀ rí. Ẹni tí kò mọ ìtàn ìdílé rẹ̀ kò ní rí ibi tí yóò dúró sí ní ilé, kò sì ní rí ní oko.

Mo padà sí Òfosù, mo ròyìn ohun tí mo gbọ́. Ìyá náà dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ni ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, ó sì ní kí wọ́n kọ orúkọ ọkùnrin náà sílẹ̀, ṣáájú orúkọ bàbá òun. Mo rọ ẹ̀yin náà: kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ bi àgbà ilé yín pé, ta ni ẹ kì í dárúkọ mọ́?